Búrọ́ọ̀ṣì Irun

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi Oníkánjú,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Èmi náà wà, mò ń jẹun, mò ń sùn, etí mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yé pè mí lórí fóònù. Nígbà tí o pè kẹ́yìn, gbogbo ohun tí mo gbọ́ kò ju "wuwuwu" lọ, mo sáà ń dáhùn "àmín, àmín" títí o fi pa á. Aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé o ń béèrè bóyá mo ti jẹun ni. Tí o bá ní ọ̀rọ̀ gidi láti bá mi sọ, kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí n lè fi ojú gbọ́ ọ.

Mo ríṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń tẹ pátákó ìpolówó jáde, kò sẹ́ni tó ń wá mi mọ́ pé kí n wá fọwọ́ kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ayàwòrán ilé kan ló wá mi délé. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun, ó sì ti fi páálí ṣe kékeré rẹ̀ tó gba odindi tábìlì kan, kí àwọn tó máa fọwọ́ sí i lè rí bó ṣe máa rí. Èèyàn ló kù kó wà níbẹ̀. Ó gbé àpò ọmọlangidi funfun kan fún mi, èyí tó ga jù nínú wọn ò ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ, ó ní kí n kùn wọ́n, kí n wọ̀ wọ́n láṣọ, kí n fún wọn lójú. Ó ní tí ojú wọn bá jọ ojú èèyàn, èmi lòun á máa gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún láti ìsinsìnyí lọ. Tí kò bá jọ ọ́, òun á fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun báyìí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ òun ṣe ń ṣe.

Mo ti kun aṣọ wọn tán. Ojú ló kù. Èyí tó kéré jù nínú búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kọ pátákó, tí mo bá fi kan ọmọlangidi yìí lórí, ó ti bo orí, ọrùn àti èjìká pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá gbogbo ọjà, mi ò rí. Jọ̀ọ́, bá mi ra búrọ́ọ̀ṣì irun kan lókè òkun níbẹ̀, èyí tó bá kéré jù lọ, kí o sì tètè fi ránṣẹ́. Irun gidi ni kó jẹ́ o.

Kí ọkọ rẹ.

Èmi ni, Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn sí i gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé kí ẹ rí nǹkan fọwọ́ ṣe, kí ẹ yé bá onílé jà lórí gọ́tà.

Búrọ́ọ̀ṣì irun yín nìyí. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo wà lórí ìdúró, mo di irin mú, mo sì bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo ní kí ni Bàbá fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì irun ṣe, ẹni tí irun ti kó kúrò lórí ẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi? Mo wá rántí àwọn ọmọlangidi. Mo ní bóyá ẹ fẹ́ máa ya irun wọn ni. Èyí tó kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo rà, ti ọmọ ọwọ́ ni, irun rẹ̀ rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, irun gidi sì ni, mo bi wọ́n. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí bóyá ọmọ tuntun ni mò ń rà á fún. Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ṣì ni ti tẹ́lẹ̀, inú yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì náà ni. Èmi ni mò ń ti aṣọ ibùsùn bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́. Apínlẹ́tà àdúgbò wa ló ń dá mi lágara. Ìgbà tó bá mọ̀ pé mi ò sí nílé ló máa ń wá, á ti bébà kékeré sábẹ́ ilẹ̀kùn, á lọ. Lẹ́tà yín sùn sí pósí ọ́fíìsì títí mo fi ráyè lọ gbà á.

Ó ku ohun kan, Bàbá. Mo fẹ́ra kù ní oṣù tó kọjá. Mi ò tíì sọ fún ẹlòmíràn nílé. Ẹ bá mi sọ nǹkan kan sí i.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Oníkánjú,

Mo kí ọ. Mo rí ohun tí o fi ránṣẹ́. Mo gbé e ka orí tábìlì, mo jókòó tì í, mò ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Ta ló ní kí o máa ka lẹ́tà bàbá rẹ nínú bọ́ọ̀sì? Èmi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ni mo fẹ́ kùn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di ìyàwó. Ọmọlangidi yìí gan-an ò nírun, Oníkánjú, ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe irun wọn. Gbọ́ mi dáadáa, kí o sì jókòó kí o tó kà á: búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi irun ṣe ni mo ní kí o rà, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ṣe irun. Ti ayàwòrán. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà nídìí ẹ̀, irin á di irun mú, orí irun náà á ṣe ṣóńṣó. Irun ìrù ẹranko ni wọ́n máa ń lò, èyí tó bá rọ̀ tó sì ní agbára.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀ tá a ń wá abẹ́rẹ́. Ó ti gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ, ó ń fi gbọn òwú kúrò lára aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti dúpẹ́.

Ní ti pé o fẹ́ra kù, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ìkánjú ló máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń sọ ọ́ fún ọ láti kékeré. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí o ṣọ́ra kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, jókòó sílé, kí o ní sùúrù.

Fi búrọ́ọ̀ṣì gidi ránṣẹ́. Ayàwòrán ilé ti wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ọmọlangidi kan sókè, ó ní, "Bàbá, ẹni yìí ò lójú." Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi ni, Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀rọ̀ mi. Mo jókòó kà á, mo sì tún un kà, kí ẹ má baà ní mo ń kánjú. Ó dáa. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Mi ò ní fi yọ yín lẹ́nu mọ́.

Mo ti lọ ra búrọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ló ń kún ibẹ̀, tí wọ́n ń ra ọmọlangidi sójà kéékèèké, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì gígùn kan, wọ́n á máa kùn wọ́n, ẹnì kan ò ní bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ràn ibẹ̀. Onírùngbọ̀n tó ni ṣọ́ọ̀bù náà da ọ̀rọ̀ bò mí títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi irun ẹranko ṣe wà, èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe ní ilé iṣẹ́ wà. Ó ní onírun dùn ún lò, ṣùgbọ́n bí ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ló rí, ọ̀dà olómi tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí máa ń jẹ irun ẹ̀, téèyàn ò bá sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ti tán. Ó ní náílọ́ọ̀nù ò béèrè ìkẹ́, ẹ lè fi ṣiṣẹ́ bó ṣe wù yín. Mo bá mú náílọ́ọ̀nù mẹ́ta. Kò sí ẹranko tó kú nítorí ẹ̀, orí sì tún ṣe ṣóńṣó dáadáa, mo fi kan àtẹ́lẹwọ́ mi wò.

Mi ò ní kọ púpọ̀. Ó ń rẹ̀ mí. Òórùn ọṣẹ ibi iṣẹ́ ti ń kọ́ mi lóòyì, mi ò lè jẹun àárọ̀ mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Oníkánjú,

Mo kí ọ, o kú ìrọ́jú. Òórùn ọṣẹ ò le, ní kí wọ́n ṣí fèrèsé fún ọ.

Mo rí búrọ́ọ̀ṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo kun ojú ìyá kan tó gbé àpótí, mo kun ojú ọmọ iléèwé kan, ojú wọn jọ ojú. Mo ní ọmọ mi ti gbọ́n. Nígbà tó yá, ṣóńṣó orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì padà mọ́. Mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi ẹnu fà á. Ó ká síbẹ̀. Tí mo bá ní kó lọ sọ́tùn-ún, òsì ló ń lọ. Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kan ń wo òkè báyìí, èkejì ń wo bàtà. Èkejì àti ẹ̀kẹta náà ti ń ká. Onírùngbọ̀n rẹ ò sọ ìyẹn fún ọ, àbí?

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ó jọ pé èmi àti ìwọ kì í sọ èdè kan náà mọ́. Irun ẹranko ní ikùn. Tí o bá tì í bọ ọ̀dà, ikùn yẹn á gbà á mọ́ra, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ṣóńṣó orí, o lè fa ìpéǹpéjú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìtún gbé ọwọ́. Náílọ́ọ̀nù ò ní ikùn. Á da gbogbo ohun tó gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gbé omi tó ń kánjú. Ó dáa fún aṣọ, ó dáa fún bàtà, kò dáa fún ojú. Ọ̀dà tí mo ń lò, mo mọ bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá dé tí o ń kọ lẹ́tà sí mi bí akọ̀wé kóòtù? "Ó dáa. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Tí ẹnì kan bá bí ọ nínú níbẹ̀, má gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Bàbá rẹ ni mí, èmi kì í ṣe apínlẹ́tà.

Onírun. Ẹyọ kan. Mo bẹ̀ ọ́.

Èmi ni, Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun yín wà nínú páálí yìí. Ìkẹyìn nìyẹn. Mo padà lọ bá Onírùngbọ̀n, ó ń wò mí bí ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Inú àpótí onígíláàsì ló kó onírun sí, ó tì í ní kọ́kọ́rọ́. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi títí ó fi bá oníbàárà mìíràn jiyàn tán lórí àwọ̀ bàtà sójà. Ẹsẹ̀ mi sì ti wú, Bàbá, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti gbé àga fún mi, ó ní kí n máa jókòó ṣiṣẹ́, kí n má ṣe gbé ẹrù rárá. Ẹni tí a ò bí ní ilé kan náà rí i, ó gbé àga. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ bi mí léèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bi mí.

Nígbà tí mo tú u nílé, mo rí i pé irun àárín rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ó yọ síta díẹ̀. Inú bí mi. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n ta èyí tí kò dọ́gba fún mi. Mi ò lè padà lọ, ẹsẹ̀ mi ò gbà, mo sì mọ̀ pé ẹ máa kọ odindi lẹ́tà lórí ẹ̀. Mo bá fi sísọ́ọ̀sì ọkọ mi gé e, ó ti dọ́gba báyìí, ó mọ́ tónítóní. Ẹ ò ní rí nǹkan sọ sí i lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

O gé e.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. O gé e.

Ṣóńṣó yẹn ni búrọ́ọ̀ṣì, Oníkánjú. Gbogbo ìyókù, igi lásán ni. Bí irun ṣe hù lára ẹranko ni orí ẹ̀ ṣe tín-ín-rín, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, ìdí irun ni wọ́n ń gé, wọn kì í fọwọ́ kan orí. Irun tí sísọ́ọ̀sì ò kàn rí ló dáa jù láyé yìí. Tó bá ti kan orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìgbálẹ̀ ló dà. Ìgbálẹ̀ lo fi ránṣẹ́ sí mi, o tún fi òwú pupa dì í.

Ayàwòrán ilé ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Má fi búrọ́ọ̀ṣì kankan ránṣẹ́ mọ́. Mo ti jáwọ́. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá wú, bàtà rẹ ló fún jù, ra èyí tó tóbi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Oníkánjú,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ní kí o má fi ránṣẹ́. Mi ò ní kí o má kọ lẹ́tà. Ṣé o rí i bí o ṣe ń kà á? Mo ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí apínlẹ́tà wa bá kọjá, ó ti ń fi ọwọ́ júwe fún mi láti òkèèrè pé kò sí nǹkan.

Ayàwòrán ilé wá. Mi ò fẹ́ kó rí ojú ọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo bá yí ẹ̀yìn gbogbo àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ó tẹ orí ba, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ó jọ ibùdókọ̀ gidi, gbogbo èèyàn ló ń lọ." Àwọn tó máa fọwọ́ sí i ti sún ọjọ́ wọn síwájú, ó wá ní kí n fi èèyàn méjì sí i lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn méjì yẹn kojú sí wa. Ojú gidi ló fẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe é.

Kọ lẹ́tà. Kódà kó jẹ́ èébú.

Èmi ni, Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Lónìí mi ò pè ọ́ ní Oníkánjú. Èmi gan-an ló yẹ kí n máa jẹ́ orúkọ yẹn.

Aránṣọ ló wọlé wá lánàá, ó ní òun wá dá búrọ́ọ̀ṣì irun padà nítorí òun ti ra tòun. Ó bá mi níbi tí mo ti ń dán ọ̀dà wò lẹ́yìn bébà. Ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà rẹ ni mo ń lò, mi ò parọ́ fún ọ, bébà yẹn dáa. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó kà á. Lẹ́yìn náà ó pariwo sí mi létí, èyí tó gbọ́ràn díẹ̀:

"Bàbá, èsì wo lẹ fún un sí èyí?"

Mo ní, "Èwo?"

"Èyí tó ní òun fẹ́ra kù."

Mo ní, "Mo ní kó máa jókòó sílé de apínlẹ́tà."

Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Apínlẹ́tà wo? Ta ló sọ̀rọ̀ apínlẹ́tà? Ọmọ yín lóyún, ẹ wá kọ̀wé sí i pé kó ṣọ́ra kó má ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ jọ, mo tò wọ́n, mo tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òórùn ọṣẹ. Ẹsẹ̀ tó wú. Àga. Ohun tí mo kọ sí ọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yọ sí mi lọ́kàn, mo sì ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo ní kí o ṣí fèrèsé. Mo ní kí o ra bàtà.

Ọmọ mi, má bínú. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n kí n sọ tèmi: o kọ̀wé kún ojú ewé kan nípa bí apínlẹ́tà kì í ṣe bá ọ nílé, lẹ́yìn náà o ní o fẹ́ra kù. Kí ni kí ọkùnrin tó ń retí búrọ́ọ̀ṣì rò? Ìyá rẹ, nígbà tó kàn án, kò bá mi sọ irú èdè bẹ́ẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ọ̀dà wà lára ẹ̀, ó gbé e lé ikùn ara rẹ̀, ó ní "Ẹ ti ba aṣọ mi jẹ́, ẹ ti ba gbogbo nǹkan jẹ́," ó ń rẹ́rìn-ín. Ká ní ó wà níbí ni, ìwọ ì bá má ti bá mi sọ ọ́ rárá, òun ni o ì bá sọ fún, òun á wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Nílé yìí, èmi nìkan ló kù láti gbọ́ ọ, mi ò sì gbọ́ ọ.

Ṣé o ti bímọ? Ṣé o wà láàyè? Mi ò fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o kọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi. Mo wà láàyè. Obìnrin ni. Ó wọn kílò mẹ́ta, ó pariwo kó tó jáde tán, ọkọ mi ní ẹ̀yin ló fi ìyẹn jọ.

Lẹ́tà yín bá mi ní ilé ìwòsàn. Ọkọ mi ló mú un wá, ó ti lọ já a gbà ní pósí ọ́fíìsì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀, nítorí apínlẹ́tà ò tún bá wa nílé. Mo kà á, mo dé ibi "kó máa jókòó sílé de apínlẹ́tà", ẹ̀rín gbé mi, mò ń di ojú ibi tí wọ́n ti rán mi mú, nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé "fẹ́ra kù" fún un ní èdè tiwọn. Kò ṣeé ṣàlàyé, Bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mi ò bínú mọ́. Inú ń bí mi síbẹ̀. Gbogbo oṣù yẹn, èmi rò pé ẹ kọ ọmọ mi ni. Ẹ ti ní mo kánjú lọ́kọ, mo rò pé ẹ ní mo tún ti kánjú lóyún. Mò ń ti aṣọ ibùsùn bọ ẹnu ẹ̀rọ, mò ń sunkún, aṣọ tó jáde gbẹ lódìkejì, mo sì ń bú yín lọ́kàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo lẹ́tà búrọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní tí mo bá tiẹ̀ kú, Bàbá á béèrè bóyá irun gidi ni. Mo ti pinnu pé mi ò ní kọ̀wé mọ́. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Lẹ́tà tí ẹ ti ní "kódà kó jẹ́ èébú", mo ti kọ èébú náà tán, ó kún ojú ewé mẹ́rin, mi ò fi ránṣẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

Ọmọ yìí nírun. Gbogbo èyí tó kọ orí yín sílẹ̀, orí rẹ̀ ló lọ gbé sí. Mo rántí pé ẹ ní irun tí sísọ́ọ̀sì ò kàn rí ló dáa jù láyé yìí. Mo gé díẹ̀ fún yín, ó wà nínú bébà funfun tí mo ká sínú lẹ́tà yìí. Láti ìdí ni mo ti gé e. Mi ò fọwọ́ kan orí ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó pariwo.

Tí ó bá ti lè jókòó, a máa gbé e wá kí yín. Èmi àti ọkọ mi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìsinmi níbi iṣẹ́.

Ọmọ yín Oníkánjú.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi Oníkánjú,

O kú ewu ọmọ. O kú ewu, o kú ewu, mo ń kọ ọ́ léraléra nítorí mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ láti fẹnu sọ ọ́ fún ọ. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé o ṣe dáadáa láti fẹ́ ẹni tó ń lọ gba lẹ́tà.

Ní ti èébú, fi ránṣẹ́. Ó tọ́ sí mi, mo sì ń wá bébà.

Mo tú bébà funfun náà lórí tábìlì. Mo ti fèrèsé kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Mo fi awò ojú mi wò ó, ṣóńṣó orí rẹ̀ pé pérépéré, o ti gbọ́n. Aránṣọ fi òwú dì í fún mi, mo tì í bọ inú ike bíróò, mo lẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo tì í bọ omi. Ọmọ mi, kíá ló ká kò. Ó ká pọ̀ sí ara rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó kọ̀. Mo tì í bọ ọ̀dà, ó gba gbogbo ọ̀dà náà, kò fún mi ní ẹ̀kán kan padà. Mo bá a fà á, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi ẹnu tọ́ ọ. Ó jọ ìyá rẹ̀. Ó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí kò wúlò jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ní láyé mi, ó wà nínú ife kan lọ́tọ̀ lórí pẹpẹ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aránṣọ fọwọ́ kàn án lánàá. A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Mo ti ṣe èèyàn méjì tó kù. Èkíní jẹ́ bàbá arúgbó kan. Èyí tí o fi sísọ́ọ̀sì gé, mo rí ohun tó dáa fún: ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo fi kàn án lórí, orí rẹ̀ pá, ó ń dán, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Èkejì jẹ́ obìnrin tó pọn ọmọ. Ojú obìnrin yẹn ni mo bá jà jù. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó gbà, onírun tàbí náílọ́ọ̀nù. Nígbà tó sú mi, mo yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Aránṣọ, kí ìjà tó dé, mo ti orí rẹ̀ bọ ọ̀dà, mo fi kan ojú kan, mo kan èkejì, ó wò mí. Gbogbo wàhálà yìí láti oṣù kejì, abẹ́rẹ́ wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ mi. Má sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ.

Ayàwòrán ilé wá gbé e lọ láàárọ̀ yìí. Ó ti fún mi ní iṣẹ́ mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ ni, àwọn ọmọdé ló kún inú ẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì irun tí o rà fún mi ní oṣù kẹta wà nínú páálí yìí. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti yọ òwú Aránṣọ kúrò nínú rẹ̀ fọ́nrán-fọ́nrán. Ti ọmọ ọwọ́ ni, ìwọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀, irun gidi sì ni. Fi máa ya irun ọmọ mi títí ẹ ó fi dé.

Kí ayàwòrán ilé tó gbé ibùdókọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní àwọn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn dí ojú ọ̀nà, ó ní kí n ya arúgbó náà sọ́tùn-ún, kí n ya obìnrin náà sósì, kí èèyàn lè máa kọjá láàárín wọn. Mo ní rárá. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n síbẹ̀, wọ́n kojú sí wa, wọ́n fara kanra, kò sí àyè láàárín wọn, kí wọ́n má baà fẹ́ra kù.

Èmi ni, Bàbá rẹ.